Ìsanrajù ọmọdé: Láti inú ìkòkò ilé ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀

Àwọn onímọ̀ ètò ìlera ń rọ àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe fi ebi pa ọmọ tí ó sanra ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé ọmọ tí ó ṣì ń ga nílò oúnjẹ gidi lójoojúmọ́. Wọ́n ní ohun tí ó lè dá ìwọ̀n ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sí ipò tí ó tọ́ ni oúnjẹ tí a yàn ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀ àti ipò ìlera rẹ̀, tí gbogbo ilé sì jọ ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀ tirẹ̀ ní Okrika, ìlú àwọn Wakirike tí ó wà ní etí odò Bonny, nítòsí Port Harcourt, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mọ orúkọ ìlú náà láti ara aṣọ àlòkù tí a ń pè ní òkìríkà nínú ọjà wa. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tí a tún mọ Okrika mọ́ ni ayẹyẹ Iria, nínú èyí tí wọ́n ti ń bọ́ àwọn ọmọbìnrin kí wọ́n lè sanra kí wọ́n tó jáde sí gbangba gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ó ti dàgbà. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, níbi tí ìsanra ti jẹ́ àmì ọlá àti ìtọ́jú rere, kò rọrùn láti sọ fún ìyá kan pé ara ọmọ rẹ̀ tí gbogbo ará àdúgbò ń yìn ti ń di ohun tí ó yẹ kí dókítà yẹ̀ wò.

Ìṣòro náà kò sì mọ sí Okrika nìkan. Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, ẹni tí ó bá ki ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "o mà ti sanra o" ń yìn ín ni, ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún ni wọ́n sì ń pè ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ mọ ìtọ́jú.

Bí ìṣòro náà ṣe gbòòrò tó

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ní ọdún 2022, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 19 tí ìwọ̀n ara wọn ti ju bí ó ti yẹ lọ ní gbogbo àgbáyé lé ní mílíọ̀nù 390. Nínú wọn, mílíọ̀nù 160 ni ó ti wọ ipele ìsanrajù. Ní ọdún 1990, ìdá 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọjọ́ orí yìí ni ìwọ̀n ara wọn ti pọ̀ jù. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2022, ó ti di ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé lábẹ́ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, UNICEF, kéde pé fún ìgbà àkọ́kọ́, iye àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 tí wọ́n sanra jù lágbàáyé ti ju iye àwọn tí wọ́n rù jù lọ. Ìdá 9.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sanra jù, ìdá 9.2 sì ni ó rù jù. Agbègbè méjì ni ọ̀rọ̀ kò tíì rí bẹ́ẹ̀: Gúúsù Éṣíà, àti apá ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, níbi tí Nàìjíríà wà.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera tí ó wáyé ní ọdún 2018 fi hàn pé ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni kò ga tó bí ó ti yẹ nítorí àìjẹunrekánú. Ìdá 2 péré ni ìwọ̀n ara wọn pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá wo iye yìí lè sọ pé ebi ni ìṣòro wa, kì í ṣe ọ̀rá. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé orísun kan náà ni àìsàn méjèèjì ti lè wá, ìyẹn ni oúnjẹ tí ó kún ikùn ṣùgbọ́n tí kò ní èròjà aṣaralóore tí ó tó. Nínú agbolé kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí á rí ọmọ tí kò ga, kí á rí èyí tí ó sanra jù, kí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì má sì tó lára. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn kan náà kò fi lè bá gbogbo ọmọ mu.

Kí ni à ń pè ní ìsanrajù?

A kì í fi ojú lásán mọ ọmọ tí ó sanra jù. Àwọn elétò ìlera máa ń wọn ọmọ, wọ́n á sì wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú. Fún ọmọ tí ó ti ju ọdún 5 lọ, wọn yóò mú ìwọ̀n ara rẹ̀ ní kílógíráàmù, wọn yóò sì fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Èsì tí ó bá jáde ni wọ́n ń pè ní BMI. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé èsì náà sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ tí WHO gbé jáde ní ọdún 2007 fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19, èyí tí ó ya ọmọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọbìnrin, tí ó sì ní iye tirẹ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ fi ń dàgbà. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 5, àtẹ ọdún 2006 ni wọ́n ń lò, ìwọ̀n ara sí gíga ni wọ́n sì ń wò.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Bí ọmọ ọdún 10 bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 140, tí ó sì wọn kílógíráàmù 45, BMI rẹ̀ jẹ́ 23. Bí ó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ni ó ní iye yìí, kò sí ìṣòro kankan, nítorí pé 18.5 sí 24.9 ni ó dára fún àgbà. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ WHO, ibi tí ìsanrajù ti bẹ̀rẹ̀ fún ọmọkùnrin ọdún 10 ni 21.4, ti ọmọbìnrin sì jẹ́ 22.6. Ọmọ tí à ń sọ yìí ti kọjá ààlà náà, yálà ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìyá rẹ̀ lè máa wò ó pé ara rẹ̀ le ni.

Iria àti ilé ìsanra

Iria jẹ́ àṣà àtayébáyé tí àwọn Wakirike fi ń sìn ọmọbìnrin wọ ipò àgbà. Àwọn ọmọbìnrin tí ó ti bàlágà yóò wọ inú ilé ìsanra, àwọn àgbà obìnrin yóò máa bọ́ wọn, wọn yóò máa kọ́ wọn ní ìwà àti iṣẹ́ obìnrin, wọn kò sì ní jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ líle. Wọn a máa fi àwòrán ṣe ara wọn lọ́ṣọ̀ọ́ kí wọ́n tó jáde níwájú gbogbo ìlú. Judith Gleason àti Elisa Mereghetti ya àṣà náà sínú fíìmù ní ọdún 1990, wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní "Becoming a Woman in Okrika". Ní ọdún 1993, Ngozi Onwurah náà ṣe tirẹ̀, "Monday's Girls", nínú èyí tí a ti rí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ 5 nínú ilé ìsanra. Ọ̀kan nínú wọn gba àṣà náà tọwọ́tẹsẹ̀. Òmíràn tí ó ti gbé ìlú ńlá kọ apá kan nínú rẹ̀.

Kò bójú mu kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi ìsanrajù àwọn ọmọ òde òní ru Iria. Bí a bá wò ó dáadáa, àṣà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tí ó parí. Ọmọ tí ó ti ń di obìnrin ni wọ́n ń bọ́, kì í ṣe ọmọ ọdún 6. Àwọn àgbà tí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni ó ń ṣọ́ ọmọ náà, oúnjẹ oko àti ẹja inú odò ni wọ́n sì ń bọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde, ó padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tukọ̀, ó ń wá ìṣáwùrù nínú ẹrẹ̀, ó ń ru ẹrù lọ sí ọjà.

Ìbọ́nisanra òde òní kò ní ọjọ́ tí yóò parí. Kò sí àgbà tí ó ń ṣọ́ ọ. Ojoojúmọ́ ni, láti inú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tí ó yí padà

Ohun àkọ́kọ́ ni oúnjẹ. Ẹja, alákàn, edé àti ìṣáwùrù ni a mọ àwọn ará etí omi mọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì tí ń dà sínú omi ti ba ọ̀pọ̀ ibi tí ẹja ti ń pa ẹyin jẹ́ ní agbègbè Niger Delta, owó ẹja sì ti gòkè. Indómì, búrẹ́dì, bisikíìtì àti pọ́fù-pọ́fù ti rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, nítorí pé wọ́n yá láti sè, wọ́n sì tètè ń yó ọmọ.

Ohun kejì ni ọtí ẹlẹ́ríndòdò. Èyí tí wọn kò dín ṣúgà rẹ̀ kù sábà máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 10 sí 11 ṣúgà nínú milílítà 100. Èyí túmọ̀ sí pé agolo milílítà 330 kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35. Ní ọdún 2015, WHO gbà á nímọ̀ràn pé ṣúgà tí a bù sí oúnjẹ tàbí ohun mímu kò gbọdọ̀ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ènìyàn ń rí láti inú oúnjẹ ọjọ́ kan, ó sì ní yóò tún dára sí i bí kò bá tó ìdá 5. Ọmọdé tí ó nílò kálórì 1,500 lóòjọ́ kò yẹ kí ó kọjá nǹkan bíi gíráàmù 37. Agolo kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán, kí ó tó kan ṣúgà inú tíì àárọ̀ àti bisikíìtì ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ máàlìtì náà kò yàtọ̀ púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí kan ń fún ọmọ mu gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń fi ẹ̀jẹ̀ kún ara.

Ohun kẹta ni ìjókòó. Láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará Port Harcourt àti agbègbè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí èéfín dúdú tí ń bà lé ilé, aṣọ àti ohun ọ̀gbìn. Òbí tí ó bá rí i tí èéfín dúdú ń jáde ní imú ọmọ rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ó máa sáré kiri ní ìta. Inú ilé ni ọmọ yóò wà, níwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù, pẹ̀lú ohun ìpanu lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, WHO ní ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́.

Ewu tí ó wà nínú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọ̀rá ọmọdé yóò yọ́ bí ọmọ bá ti ń ga. Lóòótọ́, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, pàápàá àwọn ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń dàgbà sí i pẹ̀lú ìsanrajù, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ṣeé ṣe sí i pé yóò gbé e dé ìgbà àgbà. Àwọn àìsàn tí a ti mọ̀ mọ́ àgbàlagbà tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti irú àtọ̀gbẹ kejì, ti ń hàn lára àwọn ọ̀dọ́langba tí wọ́n sanra jù. Ọ̀rá lè kó sínú ẹ̀dọ̀. Orúnkún àti egungun ìbàdí lè máa dun ọmọ. Èémí ọmọ lè máa dáwọ́ dúró lójú oorun, kí ó máa han-anrun, kí ó sì máa tòògbé nínú kíláàsì lọ́jọ́ kejì.

Èyí tí ojú kì í tètè rí ni ìbànújẹ́ ọkàn. Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè máa sá fún pápá eré, kí ó sì máa fi oúnjẹ tu ara rẹ̀ nínú.

Ebi kọ́ ni oògùn rẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìṣe nìyí. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ sanra jù, wọn a gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a ní kí ó má jẹun àárọ̀ mọ́, tàbí kí wọ́n ra tíì tí wọ́n ní ó ń fá ọ̀rá. Ọmọ kò rí bí àgbà. Egungun rẹ̀ ń gùn, ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀. Bí a bá fi ebi pa á, gbogbo ìwọ̀nyí ni ebi náà yóò pa.

Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ohun tí dókítà ń lépa ni pé kí ìwọ̀n ara má lé sí i nígbà tí gíga ṣì ń lé. Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ọmọ ọdún 10 tí ó wọn kílógíráàmù 45. Bí ó bá fi sẹ̀ǹtímítà 12 ga sí i láàárín ọdún méjì, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sì kúrò ní 45, BMI rẹ̀ yóò ti wálẹ̀ sí 19.5. Fún ọmọ ọdún 12, iye yẹn wà nínú ààlà tí ó dára, fún ọkùnrin àti obìnrin. Ọmọ náà kò pàdánù kílógíráàmù kan ṣoṣo, kò sì fi ebi sùn, síbẹ̀ ó ti jáde kúrò nínú ìsanrajù.

Bí ó bá tilẹ̀ pọn dandan kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 fọn, ìmọ̀ràn tí ìgbìmọ̀ àwọn ògbógi kan gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007 ni pé kí ó máa jẹ́ díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi ìdajì kílógíráàmù lóṣù. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ wà fún àwọn tí tiwọn ti le gan-an, lábẹ́ àbójútó dókítà.

Oúnjẹ tí ó bá ọjọ́ orí mu

Láti ọjọ́ ìbí sí oṣù 6: Ọmú ìyá nìkan ni. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí ṣúgà. Ọmọ tí ó ń mu ọmú mọ ìgbà tí ó yó, yóò sì fi ọmú sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Oṣù 6 sí ọdún 2: Kí ọmọ máa bá ọmú lọ, kí á sì máa fi oúnjẹ líle díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹ̀kọ tàbí ògì nìkan kò tó. Kí á fi edé lílọ̀, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, ẹ̀wà tí a bó tàbí ẹyin sí i. Nínú ìlànà tí WHO gbé jáde ní ọdún 2023, ó ní kí á má ṣe fún ọmọ ọjọ́ orí yìí ní ohun mímu tí a fi ṣúgà sí rárá.

Ọdún 2 sí 5: Ọmọ kì í jẹ iye kan náà lójoojúmọ́ ní ọjọ́ orí yìí. Òbí ni yóò yan ohun tí wọn yóò gbé kalẹ̀ àti àkókò tí wọn yóò gbé e kalẹ̀. Ọmọ ni yóò pinnu ìgbà tí ó yó. Kí á má ṣe fi pàṣán mú un kí ó jẹ ẹ́ tán, kí á má sì ṣe fi súìtì bẹ̀ ẹ́ kí ó dákẹ́ ẹkún. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ pé súìtì ni oògùn ẹkún yóò máa wá a kiri nígbà tí ó bá dàgbà.

Ọdún 6 sí 12: Oúnjẹ àárọ̀ ṣe pàtàkì, kí ebi má bàa lé ọmọ lọ sọ́dọ̀ oníbisikíìtì nígbà ìsinmi. Mọ́ínmọ́ín, àkàrà tí a fi epo díẹ̀ dín pẹ̀lú ògì tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀, tàbí iṣu sísè pẹ̀lú ẹyin àti ẹ̀fọ́ dára. Omi ni kí ó wà nínú ìgò tí ó ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Èso ni kí ó fi panu: ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kí ó jẹ èso náà ní tútù, kí á má ṣe sọ ọ́ di omi èso, nítorí pé ọmọ tí kò lè jẹ ọsàn 4 lẹ́ẹ̀kan lè mu omi ọsàn 4 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọdún 13 sí 19: Ọ̀dọ́langba ń ga kíákíá, ara rẹ̀ sì ń béèrè oúnjẹ púpọ̀. Ọmọbìnrin tí ó ti ń ṣe nǹkan oṣù nílò oúnjẹ tí ń fún ni ní ẹ̀jẹ̀, bí ẹja, ẹran, ìṣáwùrù, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tútù. Ní ọjọ́ orí yìí, àṣẹ nìkan kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kí òbí àti elétò ìlera jókòó pẹ̀lú ọmọ náà, kí òun fúnra rẹ̀ mú ohun méjì tàbí mẹ́ta tí yóò yí padà. Ẹni tí ó ń mu ọtí ẹlẹ́ríndòdò lójoojúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ nípa sísọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí òbí máa ṣọ́ra fún ọmọ tí ó ń fi oúnjẹ pamọ́, tí ó ń fi ọwọ́ bọ ọ̀fun bì í jáde, tàbí tí ó ń lo oògùn ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó lè fọn. Àìsàn nìyẹn pẹ̀lú, ó sì nílò ìtọ́jú.

Iná pupa, iná òféefèé, iná aláwọ̀ ewé

Ọ̀nà kan tí ó ti ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ láti mọ oúnjẹ yà sọ́tọ̀ ni èyí tí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Leonard Epstein, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Wọ́n fi iná tí ń darí ọkọ̀ lójú pópó ṣe àpẹẹrẹ. Oúnjẹ aláwọ̀ ewé ni kí ọmọ jẹ bí ó ti wù ú. Ti òféefèé, kí ó jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n. Ti pupa, kí ó dúró kí ó tó jẹ ẹ́, kí á sì ka iye ìgbà tí yóò jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀.

Kò sóro láti lo ọ̀nà yìí fún oúnjẹ Okrika. Ẹ̀fọ́ úgú, gbúre, ilá àti èso wà lábẹ́ aláwọ̀ ewé. Ẹja, alákàn, ìṣáwùrù, ẹyin, ẹ̀wà, iṣu, ẹ̀bà, fùfú àti ìrẹsì wà lábẹ́ òféefèé. Ọtí ẹlẹ́ríndòdò, súìtì, bisikíìtì, pọ́fù-pọ́fù àti ohun mìíràn tí a dín nínú epo púpọ̀ wà lábẹ́ pupa.

Ọ̀pọ̀ oúnjẹ ìbílẹ̀ kò nílò ju àtúnṣe díẹ̀ lọ. Bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun, tí Port Harcourt gbajúmọ̀ fún, kò burú nínú ara rẹ̀, nítorí pé orí ẹyinná ni a ti ń sun wọ́n. Ọbẹ̀ ata olórórò tí a ń dà lé e ni ó ń sọ ọ́ di ẹrù. Ṣíbí ńlá kan epo ní nǹkan bíi kálórì 120 nínú, yálà epo pupa ni tàbí òróró. Bákan náà ni onunu, iṣu tí a gún pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pípọ́n tí a sì fi epo pupa sí: bí a bá dín epo rẹ̀ kù, tí òkèlè ọmọ kò sì ju ìkúùkù ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ, tí ọbẹ̀ ẹlẹ́ja àti ẹ̀fọ́ sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oúnjẹ gidi ni.

Fún ìdílé tí kò rí owó ẹja ńlá rà, edé gbígbẹ, ìṣáwùrù àti ẹ̀wà lè dí àlàfo náà. Oúnjẹ amúaradàgbà ni gbogbo wọn, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ọmọ pẹ́ kí ebi tó tún pa á.

Gbogbo ilé ni kí ó jọ jẹ ẹ́

Ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ Epstein kan àwọn òbí. Ní ọdún 1990, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ tí ó sanra jù fún ọdún 10. Ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà wà láàárín ọdún 6 sí 12 nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, àwọn òbí wọn náà sì sanra jù. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wọn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí wọ́n ń yìn tí wọ́n sì ń bá ṣiṣẹ́ nígbà tí àyípadà bá wáyé.

Lẹ́yìn ọdún 10, àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú pọ̀ mọ́ òbí wọn ti fi ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún dín àṣejù ìwọ̀n ara wọn kù. Ti àwọn tí ó jẹ́ pé ọmọ nìkan ni wọ́n gbájú mọ́ lé pẹ̀lú ìdá 4.5. Níbi tí wọn kò ti gbájú mọ́ ẹnikẹ́ni ní pàtó, ó lé pẹ̀lú ìdá 14.3.

Ìtumọ̀ èyí kò ṣòroó rí nínú ilé wa. Bí ìyá bá se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ fún ọmọ kan, tí bàbá ń mu ọtí ẹlẹ́ríndòdò níwájú rẹ̀, tí àwọn àbúrò sì ń jẹ dòdò, ìyà ni ọmọ náà yóò pe oúnjẹ rẹ̀. Kò sì sí ọmọ tí ìkòkò ẹ̀fọ́ yóò pa lára, yálà ó rù tàbí ó sanra. Ìgbákọ tí a fi ń bù ú ni yóò yàtọ̀: ọmọ tí ó rù yóò gba òkèlè àti ẹja púpọ̀ sí i, ọmọ tí ó sanra yóò gba ẹ̀fọ́ púpọ̀ sí i.

Oorun náà wà nínú ìtọ́jú. Ọmọ ọdún 6 sí 13 nílò wákàtí 9 sí 11 lóru, ti ọdún 14 sí 17 sì nílò wákàtí 8 sí 10. Níbi tí èéfín kò bá jẹ́ kí eré ìta ṣeé ṣe, ijó nínú ilé, okùn fífò, àti iṣẹ́ ilé bíi gbígbálẹ̀ àti fífọ aṣọ wà nínú ohun tí ń mú ara ṣiṣẹ́.

Ìgbà tí ó yẹ láti rí dókítà

Ó yẹ kí òbí gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn bí aṣọ ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá gbà á mọ́, bí ó bá ń han-anrun lálaalẹ́, bí ó bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́ tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́, bí orúnkún bá ń dùn ún, tàbí bí àwọ̀ ọrùn àti abíyá rẹ̀ bá dúdú tí ó sì nípọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìdọ̀tí ọrùn yìí lè jẹ́ àmì pé ara ọmọ kò lo ṣúgà bí ó ti yẹ mọ́. Ọmọ tí ó sanra jù ṣùgbọ́n tí kò ga bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá nílò àyẹ̀wò, nítorí pé àìsàn mìíràn lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà nítòsí ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ibẹ̀ lọ, wọn yóò darí wọn sí ilé ìwòsàn ńlá, bí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Port Harcourt tí ó wà ní Alakahia.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Òfin ìṣúná ọdún 2021 fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́ríndòdò tí a fi ṣúgà sí. Ṣùgbọ́n owó-orí kò lè se ọbẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó di ìgbákọ mú ni oúnjẹ ọmọ wà.

Àwọn àgbà Yorùbá ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, àwọn àgbà obìnrin Okrika tí ó ń ṣọ́ ilé ìsanra kò ní ta ko ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n mọ ọjọ́ tí ọmọ yóò wọlé, wọ́n mọ ohun tí yóò jẹ, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí yóò jáde. Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ ni ọmọ òde òní nílò, láti ọwọ́ ìyá, bàbá àti gbogbo ẹni tí ó jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, kí ó lè dàgbà pẹ̀lú ara líle.